Láti Kpankou lọ sórí òkè: ohun tí eré máratọ́ọ̀nù àwọn ìlú kékeré ń kọ́ arìnrìn-àjò

Bí a bá dárúkọ eré máratọ́ọ̀nù, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni àwọn ìlú ńláńlá bíi Paris, London, Berlin àti New York. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún sárésáré a máa kún ojú pópó, amóhùnmáwòrán a máa gbé e káàkiri ayé, owó ńlá a sì máa dúró de ẹni tí ó bá borí. Ọ̀dọ́ tí ń gbé ní Kpankou, lórí ilẹ̀ gíga Kétu, lè wo irú eré bẹ́ẹ̀ lórí fóònù rẹ̀, kí ó sì rò pé ohun tí kò kan òun ni. Ṣùgbọ́n eré ọlọ́nà jíjìn kì í ṣe ti ìlú ńlá nìkan. Àwọn ìlú kékeré náà ń ṣètò tiwọn, lórí òkè tàbí láàárín igbó, àwọn àlejò sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá sá a nítorí ẹwà ilẹ̀ náà. Méjì lára wọn kò jìnnà púpọ̀ sí Bẹ̀nẹ̀: ọ̀kan wà ní Nàìjíríà, èkejì wà ní Kamẹrúùnù. Ọ̀dọ́ tí ó bá fi ọgbọ́n lọ síbẹ̀ lè mú ohun kan bọ̀ wálé tí ó ju àmì-ẹ̀yẹ ọrùn lọ, èyíinì ni ìmọ̀ nípa bí ìlú kékeré ṣe lè sọ ọ̀nà ara rẹ̀ di ibi tí ayé ń wá.

Ìdálẹ̀ tí ó wà nítòsí

Kpankou jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn agbègbè mẹ́fà tí ó parapọ̀ di kọ́múùnù Kétu. Fún àwọn ará ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ìlú òkèèrè ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, ìjọba Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan tí ó pín ilẹ̀ yìí láàárín ara wọn. Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ àti àwọn ìlú mìíràn tí ń wo ojú Alákétu bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni ẹni tí ó bá ti Kétu lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ ti di ẹni tí ó rìnrìn-àjò lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè kan náà ni wọ́n fi ń kí ara wọn.

Ààlà náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro í kọjá lónìí fún ẹni tí ìwé rẹ̀ bá pé. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO ṣe ní ọdún 1979 fún ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti wọ Nàìjíríà láìgba físà, kí ó sì lo tó 90 ọjọ́. Ohun tí a ń béèrè ni ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Síbẹ̀, ẹnubodè kì í ṣe ohun tí a ń fojú di. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn padà títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ẹni tí ó bá ti gbára dì fún eré kan ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ yóò ti fi oṣù púpọ̀ ṣòfò. Nítorí náà, kí ẹni tí ń lọ sáré ní ìlú òkèèrè kọ́kọ́ béèrè ipò tí ọ̀nà wà, kí ó tó béèrè iye kìlómítà tí òun yóò sá.

Okpekpe: ìlú kékeré, orúkọ ńlá

Ẹni tí ó bá wọ Nàìjíríà láti Kétu, tí ó kọjá Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Àkúrẹ́, tí ó sì kọjú sí ìhà ìlà-oòrùn, yóò dé agbègbè Auchi ní ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ní àwọn òkè ibẹ̀ ni ìlú Okpekpe wà. Kì í ṣe ìlú tí ó ní pápákọ̀ òfurufú tàbí ilé ìtura alájà gíga. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2013 ni àwọn sárésáré ti ń wá síbẹ̀, títí kan àwọn ògbóǹtarìgì láti Kẹ́ńyà àti Etiópíà, láti sá eré kìlómítà 10 lórí ọ̀nà tí ń gun òkè tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀.

Kìlómítà 10 kò tó ìdá mẹ́rin máratọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Òkè Okpekpe ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ẹni tí ó yára lórí ilẹ̀ títẹ́jú mọ̀ pé eré òkè ní òfin tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fi gbogbo agbára bẹ̀rẹ̀, òkè ni yóò bá a sọ̀rọ̀ kí ó tó dé òpin.

Kí ni ó wá gbé Okpekpe ga tó bẹ́ẹ̀? Òkè tí ó lẹ́wà pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, òkè nìkan kò sì lè fa àgbáyé wá. Ohun tí àwọn tí ó ṣètò eré náà ṣe ni pé wọ́n jẹ́ kí a wọn ọ̀nà wọn gẹ́gẹ́ bí òfin àgbáyé ti wí, wọ́n sì tẹ̀lé ìlànà àjọ eré-ìdárayá àgbáyé tí a ń pè ní World Athletics. Èyí ni ó mú kí eré Okpekpe di eré ojú títì àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí àjọ náà fún ní àmì ìdánimọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà, àkókò tí ẹnìkan bá fi sáré ní Okpekpe kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán mọ́. A lè gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àkókò tí ẹlòmíràn fi sáré ní ìlú òyìnbó.

Bí a ti ń wọn ọ̀nà

Wíwọn ọ̀nà eré kì í ṣe iṣẹ́ ọkọ̀ tàbí ti ọ̀kadà. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni a ń lò. A ó so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ táyà iwájú rẹ̀, èyí tí ń ka bí táyà náà ṣe ń yí. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, a ó fi okùn irin tí a fi ń wọn nǹkan wọn apá kan ojú ọ̀nà tí ó tọ́ gbọnrangandan, a ó sì gun kẹ̀kẹ́ náà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí a lè mọ iye tí ẹ̀rọ ń kà fún kìlómítà kan. Lẹ́yìn èyí ni a ó gun kẹ̀kẹ́ náà gba gbogbo ọ̀nà eré, ní ibi tí ó kúrú jù lọ tí sárésáré lè gbà. Bí iṣẹ́ bá parí, a ó tún padà sí apá tí a kọ́kọ́ wọ̀n, nítorí pé oòrùn lè mú kí afẹ́fẹ́ inú táyà wú, kí ìwọ̀n sì yí padà.

A tún máa ń fi mítà 1 kún kìlómítà kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀nà má baà kúrú lọ́nàkọnà. Fún eré kìlómítà 10, mítà 10 ni àfikún náà. Fún odindi máratọ́ọ̀nù, ó tó mítà 42. Máratọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 42 àti mítà 195. Níbi eré Olympic ti London ní ọdún 1908 ni a ti kọ́kọ́ sá irú ìwọ̀n yìí, ní ọdún 1921 ni àjọ àgbáyé sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún gbogbo ayé.

Ohun èlò fún iṣẹ́ yìí kò ju kẹ̀kẹ́, ẹ̀rọ kíkà, okùn irin àti ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà lọ. Kì í ṣe iṣẹ́ olówó gọbọi. Síbẹ̀, òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí Okpekpe ti dà.

Buea: òkè iná

Eré kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní Buea, ní ìwọ̀-oòrùn Kamẹrúùnù, òkè kan wà tí gíga rẹ̀ lé ní mítà 4,000. Òkè iná ni. Ó bú gbàù ní ọdún 1999, ó sì tún bú ní ọdún 2000. Àwọn ará Bakweri tí wọ́n ni ilẹ̀ náà gbàgbọ́ pé ẹ̀mí kan tí wọ́n ń pè ní Epasa Moto ni ó ń ṣọ́ ọ, bí àwọn Ẹ̀gbá ti ń bọ̀wọ̀ fún Olúmọ. Láti ọdún 1973 ni a ti ń sá eré kan láti ìsàlẹ̀ òkè náà lọ sí orí rẹ̀ padà. Orúkọ tí a ń pè é lónìí ni Eré Ìrètí. Oṣù Kejì ni ó sábà máa ń wáyé.

Sárésáré yóò gbéra ní ìlú, yóò gba inú oko àti igbó dúdú kọjá, yóò bọ́ sí pápá koríko, lẹ́yìn náà yóò bọ́ sórí òkúta dúdú tí iná òkè dà sílẹ̀. Bí ó bá dé òkè téńté, òtútù àti afẹ́fẹ́ líle ni yóò kí i, ẹni tí ó láàgùn ní wákàtí díẹ̀ ṣáájú. Sísọ̀kalẹ̀ gan-an ni ó ń ba eékún jẹ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ràn jù lọ nínú eré yìí ni Sarah Etonge, obìnrin tí ó borí ní ọ̀pọ̀ ìgbà, tí àwọn ènìyàn sì ń pè ní Ayaba Òkè. Kì í ṣe ọmọ ìlú òyìnbó tí a kọ́ ní pápá olówó ńlá. Ọmọ ilẹ̀ náà ni, òkè náà ni ó sì kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ẹwà Buea kò gbọdọ̀ fọ́ arìnrìn-àjò lójú. Ìjà ti ń lọ ní àwọn agbègbè tí ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Kamẹrúùnù láti nǹkan bí ọdún 2017. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́, àwọn ohun abúgbàù dún ní ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n sì ṣe àwọn sárésáré léṣe. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ èyí, kí àwọn òbí rẹ̀ náà sì mọ̀ ọ́n. Kamẹrúùnù kò sí nínú CEDEAO. Nítorí náà, kí arìnrìn-àjò béèrè ọ̀rọ̀ físà lọ́wọ́ àwọn aṣojú ìjọba rẹ̀ kí ó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ owó náà ní ìdẹkùn tirẹ̀. Sẹ́fà ni a ń ná ní Bẹ̀nẹ̀, sẹ́fà ni a sì ń ná ní Kamẹrúùnù. Iye kan náà ni méjèèjì ní níwájú owó Yúróòpù. Ṣùgbọ́n báńkì tí ó tẹ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọ́ ni ó tẹ ti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, ọlọ́jà Buea kò sì ní gba owó tí a mú ti Kétu wá. Ẹni tí kò mọ̀ lè dé ibẹ̀ tòun ti owó lápò, kí ebi sì pa á.

Ara ni ẹrù àkọ́kọ́

Ìṣòro tí ó tóbi jù fún ẹni tí ń sáré ní ìlú òkèèrè ni pé ó ti náwó, kò sì fẹ́ padà lọ́wọ́ òfo. Èyí ni ó ń mú kí àwọn kan sáré nígbà tí ibà ń ṣe wọ́n, tàbí kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ tí ó ti rọ́ wọ́lẹ̀ lọ. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Nǹkan bí oṣù mẹ́rin ni ẹni tí ó ti ń sáré tẹ́lẹ̀ fi ń múra sílẹ̀ fún máratọ́ọ̀nù, tí yóò máa fi díẹ̀ díẹ̀ kún ìwọ̀n tí ó ń sá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ilẹ̀ gíga Kétu dára fún èyí. Ọ̀nà oko tí ilẹ̀ rẹ̀ pupa rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn ju ọ̀dà lọ, afẹ́fẹ́ ìdájí sì tutù kí oòrùn tó mú.

Agbára tí ara ń rí nínú oúnjẹ oníṣítáàṣì, bí ẹ̀kọ, iyán àti ẹ̀bà, ni ó ń tọ́jú pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀. Agbára yìí kì í tó fún odindi máratọ́ọ̀nù. Ní nǹkan bí kìlómítà 30, ó máa ń tán lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹsẹ̀ a sì wúwo bí òkúta. Ìdí nìyí tí a fi ń jẹ nǹkan dídùn díẹ̀ díẹ̀ lójú ọ̀nà, tí a sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Omi náà ní ìwọ̀n. Ẹni tí kò mu ún nínú ooru lè dákú. Ẹni tí ó sì mu ún ní àmujù lè fọ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà nù, èyí tí ó lè pa ènìyàn. Kí a mu ún bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ wá. Ní orí òkè tí ó ga tó ti Buea, ẹni tí orí bá ń fọ́ gidigidi, tí ó ń bì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì já gaara mọ́, gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òun kọ́ ni òkè ṣẹ́gun. Ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là ni.

Bàtà ńkọ́? Abebe Bikila, ọmọ ogun ilẹ̀ Etiópíà, fi ẹsẹ̀ lásán borí ní Rome ní ọdún 1960, ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú-àáyá 16. Òun ni ọmọ Áfíríkà dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba wúrà níbi eré Olympic. Ọ̀pọ̀ ń rántí ẹsẹ̀ lásán yẹn, wọ́n sì ń gbàgbé pé ó wọ bàtà ní Tokyo ní ọdún 1964, tí ó sì tún borí, ní àkókò tí ó yá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun tí ó gbé e dé òpin ni ọdún púpọ̀ tí ó fi múra sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ́kọ́ fi bàtà tuntun sáré ní ọjọ́ eré.

Kí a sì ṣọ́ra fún àwọn tí ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́, tí wọ́n ń sọ pé àwọn yóò wá àyè fún wọn ní eré òkèèrè, àti pé ẹni tí ó bá ti débẹ̀ kò ní padà mọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ṣètò eré gan-an ni a ti ń forúkọ sílẹ̀.

Ohun tí a lè mú bọ̀

Ọ̀dọ́ kan tí ó bá ti Kpankou lọ sí Okpekpe, tí ó sì padà, yóò ti rí ohun púpọ̀ yàtọ̀ sí òkè. Yóò ti rí bí àwọn ará ìlú ṣe ń gba àlejò sílé, bí àwọn obìnrin ṣe ń ta oúnjẹ fún èrò, bí àwọn ọmọdé ṣe ń tò sí ẹ̀bá ọ̀nà láti pín omi, tí dókítà sì dúró sí ibi tí òkè ti le jù. Yóò mọ̀ pé ìlú náà kò dúró de ìgbà tí yóò fi di ìlú ńlá.

Ilẹ̀ Kétu kò ní òkè tí ó ga tó ti Okpekpe, kò sì ní òkè iná. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn ọ̀nà pupa láàárín oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ó ní igbó Dogo-Kétu tí ìjọba ń dáàbò bò, ó sì ní Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnu ọ̀nà odi àtijọ́ tí àwọn àlejò ti ń wá wò tipẹ́. Ó ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO ti kà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ọmọ ènìyàn, tí Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò sì jọ ni. Àlejò tí ó bá sáré ní òwúrọ̀ lè dúró wo eégún alẹ́, kí ó sùn ní ìlú, kí ó sì ra ọjà níbẹ̀. Ilẹ̀ tí kò ga púpọ̀ tún ní ànfààní tirẹ̀: ẹni tí ó ń sá máratọ́ọ̀nù fún ìgbà àkọ́kọ́ lè parí rẹ̀ níbẹ̀ láìfi eékún ṣe ìrúbọ.

Ohun tí ó kù ni èyí tí Okpekpe kọ́kọ́ ṣe: kí ẹnìkan kọ́ bí a ti ń wọn ọ̀nà, kí àwọn olórí kọ́múùnù, àwọn ọba ìlú àti àwọn olùkọ́ eré-ìdárayá jọ jókòó, kí a sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kìlómítà 10 kí a tó dárúkọ 42. Bí ọjọ́ náà bá dé, àwọn ará Ìmẹ̀kọ pàápàá yóò kọjá ààlà wá sá a. Àlejò láti ìlú òkèèrè ni a ó kọ wọ́n sí nínú ìwé, ṣùgbọ́n gbogbo Kétu mọ̀ pé ọmọ ilé ni wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń lọ lónìí ni ó lè mú ìmọ̀ yẹn wá. Kí a má ṣe dí wọn lọ́nà, kí a sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n bá dé. Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko.